Òórùn Ìdájí Nídìí Máńgòrò Màmá Jókẹ́

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Àjàṣẹ́, ẹ ní sùúrù, ẹ má tíì bi mí pé kí ni mo rà bọ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́yìn mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, pé odidi ọkùnrin tó níyàwó tó bímọ gba Nàìjíríà lọ, òórùn ewé ló lọ gbọ́. Òótọ́ lẹ sọ. Òórùn ewé gan-an ni mo lọ gbọ́, oṣù méjì gbáko ni mo sì fi gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kó yára ṣe é, kí n lè ráyè sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ yín nílé ìwé. Àwọn kan tó ń ṣe ìwádìí igi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn dúró lórí àkàbà nínú oòrùn, tí kò ní máa ṣàròyé. Ìyàwó mi ní kí n má purọ́ fún wọn, pé kò sí ọjọ́ kan tí n kì í ṣàròyé. Mo lọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tí à ń wá kò ṣòroó yé. Gbogbo ewé ló ń tú òórùn sínú afẹ́fẹ́, èyí tí imú wa gbọ́ àti èyí tí kò gbọ́. Bí ara ewé bá tutù, òórùn náà á jókòó sílé rẹ̀ jẹ́ẹ́. Bí ooru bá mú ewé, òórùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ooru náà bá sì ń le sí i, kì í rọra pọ̀, ìlọ́po-ìlọ́po ló ń di. Ẹ wo ọbẹ̀ àná nínú ìkòkò. Nígbà tó tutù, ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ má rántí rẹ̀. Ẹ gbé e kaná, ẹ ó rí i bí àwọn ará ilé kejì á ṣe máa wá béèrè àlàáfíà yín. Iye tí òórùn yìí fi ń pọ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀, lára igi máńgòrò tó wà lóko àti èyí tó wà láàárín ìlú, lohun tí wọ́n ní kí á wọ̀n.

Inú mi dùn láti lọ, nítorí ìyá ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kò yé sọ fún wa nígbà ayé rẹ̀ pé, "Ọ̀yọ́ ni wá o, àlejò la jẹ́ níbí." Mo ní ilé ni mò ń lọ. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe gbà mí sílé.

Ọ̀yọ́

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ní kí a ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán gangan ni mo sì wọ ibẹ̀. Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bi í léèrè ọ̀nà. Kàkà kó fọ̀nà hàn mí, kíkí ló fi pàdé mi: ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ẹrù, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé." Ó ń wò mí. Mo tún ní, "Ẹ ṣé gan-an." Ó ṣì ń wò mí. Lọ́dọ̀ tiwa, a ó bọ ara wa lọ́wọ́, a ó ta ìka pọ̀, kíkí ti parí. Èmi ò mọ̀ pé bí ará Ọ̀yọ́ bá kí ènìyàn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lonítọ̀hún gbọ́dọ̀ dáhùn.

"Ará ibo ni yín?" ló wá bi mí.

Mo gbé àyà sókè. "Ọ̀yọ́ ni wá."

Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìró rẹ̀ mú kó má baà tú. "Ọ̀yọ́ wo? Ọ̀yọ́ tó wà ní Kútọnu?"

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ará Kútọnu. Mo ṣàlàyé títí pé Àjàṣẹ́ ni, kì í ṣe Kútọnu. Ta ló gbọ́? Ní Àjàṣẹ́, ará Ọ̀yọ́ ni mí. Ní Ọ̀yọ́, ará Kútọnu ni mí. Ó kù díẹ̀ kí n lọ wo Kútọnu bóyá wọ́n á pè mí ní ará Àjàṣẹ́.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹnìkejì mi ni Múfútáù, tí gbogbo ayé ń pè ní Múfú, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó mọṣẹ́, ó sì lè mọ orúkọ igi kó tiẹ̀ dijú. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹnì kan á gun àkàbà, á fi ọ̀rá funfun kan bo ẹ̀ka igi tewétewé, á di ẹnu rẹ̀, á sì fọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀ka náà mú kó má mì. Ẹnìkejì á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju rédíò ọwọ́ lọ. Ẹ̀rọ yìí á fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀rá, á sì fi nọ́ńbà sọ bí òórùn inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ mira, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí èémí ẹnu náà ní òórùn tirẹ̀.

Igi tí a kọ́kọ́ wọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Múfú wà lókè, mo wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ń ka nọ́ńbà lọ geerege. Bàbá arúgbó kan ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

A dákẹ́. Bàbá dúró. Ó tún ní, "Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o!"

Múfú wo Bàbá. Ó wo ọ̀rá. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gé nítan. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fò láti orí àkàbà, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ẹ káàsán, Bàbá! Ẹ kú oòrùn, sà! Ara ò le bí?" Ẹ̀ka tó fi sílẹ̀ ta padà sókè fíọ̀, ọ̀rá fà ya.

Bàbá ṣàdúrà fún un títí. Ó wá kọjú sí mi. "Èyí ńkọ́? Ṣé odi ni?"

"Ará Kútọnu ni, Bàbá."

"Háà," ni Bàbá wí, "ẹ pẹ̀lẹ́ o," bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé ara mi ò yá.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rá mẹ́rin ti ya. Inú bí mi. "Múfú, ṣé igi lo wá wọ̀n ni, àbí àgbà?"

"Bọ̀dá, ẹ má bínú. Bí mi ò bá kí bàbá yẹn, ìyá mi á ti gbọ́ nílé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ewé máńgòrò ò lè lọ fẹjọ́ mi sùn."

Lọ́jọ́ kejì mo kọ pátákó kan gàdàgbà: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KÍ WA. Àṣìṣe ńlá ni. Àwọn tí ì bá kọjá lọ wá ń dúró kà á. Wọ́n ń pe ara wọn wá kà á. Obìnrin kan bi mí pé irú ogun wo ló ń bá wa jà tí a ò fẹ́ kí wọ́n kí wa. Ọkùnrin kan sì kà á tán, ó yọ fìlà, ó ní, "Ẹ kú ìwé kíkọ o!" Múfú fò sílẹ̀.

"A-jí-ṣe-bí-Ọ̀yọ́ là ń rí, Bọ̀dá," ló wí fún mi, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kankan."

Èmi náà ṣe tèmi. Télọ̀ kan ń jẹun níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá bá wa jẹun o." Mo dúpẹ́, mo ṣanwọ́, mo jókòó. Ojú télọ̀ yí padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan, ó sún ẹran kan sọ́dọ̀ mi. Múfú tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ń fi ojú bẹ̀ mí. A rìn jìnnà kó tó là mí lóye pé ohun tó yẹ kí n sọ ni pé kó gba ibi ire, kí n sì máa lọ. Mo ní kí ló wá dé tó pè mí? Ó ní nítorí pé ọmọlúàbí ni. Wàrà díndín tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nìkan ni mo jẹ ní Ọ̀yọ́ tí kò bí ẹjọ́. Mo jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè mí lókèèrè.

Ògbómọ̀ṣọ́

Ooru ti Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa a máa lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára. Tibẹ̀ gbẹ. Aṣọ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé ti gbẹ kí n tó sá èyí tó kù tán, ètè mi sì là pẹrẹgẹdẹ. Máńgòrò wà níbi gbogbo: ẹ̀yìnkùlé, ọgbà ilé ìwé, ìdí mọ́ṣáláṣí, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá kan ewé wọn, ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ nǹkan kan bí òórùn ọ̀dà ilé tuntun, tó mú imú díẹ̀.

A lọ sí Ìkòyí-Ilé náà, láti wọ̀n tinú oko. Àgbẹ̀ kan kí wa, ó jókòó tì wá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, ó ní, "Òórùn yìí tí ẹ ń kó, kóńgò mélòó lẹ ti rí?" Múfú ní kò tíì kún kóńgò kan. Àgbẹ̀ mi orí, ó káàánú wa, ó fún wa ní iṣu mẹ́ta ká má baà lọ lọ́wọ́ òfo.

Iṣẹ́ ń lọ. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ń ṣe bí ìwé ṣe wí. Ní ìdájí, tí ilẹ̀ tutù, ẹ̀rọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kà. Bí oòrùn bá ti mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó bá di ọ̀sán, á máa sáré. Kò sí igi kan tó ṣe òdì sí èyí. Mo ti ń múra pé ìrìn-àjò mi máa parí láìsí ariwo.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan ṣe wá dúró lẹ́sẹ̀ àkàbà wa ní Sábó lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan. Òun nìkan ni ẹni tí kò kí wa láti ìgbà tí mo ti wọ ìpínlẹ̀ náà, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbọ́ òórùn igi?"

"Àwa ni, mà."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ti pe igi mi lẹ́jọ́."

Ẹjọ́ igi

Màmá Jókẹ́ lorúkọ rẹ̀. Opó ni, ó ń dá gbé nílé kékeré kan lẹ́yìn Sábó, igi máńgòrò ńlá kan sì wà láàárín fèrèsé rẹ̀ àti ògiri ilé kejì. Ilé kejì yìí ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì Alàájì. Ẹ̀sùn Alàájì ni pé igi náà ń ba búrẹ́dì òun jẹ́. Àwọn oníbàárà ń dá búrẹ́dì padà, wọ́n ní ó ń rùn bíi tọpẹntáìnì, èyí tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà. Alàájì fimú wá òórùn náà kiri títí tó fi já ewé máńgòrò kan, ó fọwọ́ ra á, ó gbọ́ ọ, ó pariwo pé òun ti mú olè. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò. Alága ní òun fún igi náà di ọjọ́ Sátidé. Bí kò bá sẹ́ni tó lè gbà á sílẹ̀, ayùn á wọ̀ ọ́.

Mo rò pé èèyàn burúkú ni mo máa bá lọ́dọ̀ Alàájì. Rárá o. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná kalẹ̀, ó fà á ya lójú mi. "Ẹ gbọ́ ọ, Ará Kútọnu! Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Òótọ́ ni. Ó ń rùn bí ilé tuntun. Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Mi ò ní nǹkan kan bá Ìyá ṣe," ni Alàájì wí. "Àwọn ni wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ mi nígbà tó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ilé mi nìyí."

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ Màmá, mo bi í pé ṣé nítorí èso ni kò fi fẹ́ kí wọ́n gé igi náà. Ó ní èso kẹ̀, eyín mélòó ló kù lẹ́nu òun? Ó wá sọ ọ́ fún wa.

Akunlé ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Jókẹ́. Ogójì ọdún ló fi gbé pẹ̀lú òórùn tọpẹntáìnì. Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà láṣọ rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ó kú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ìdájí ọjọ́ kan, òórùn náà gba ojú fèrèsé wọlé. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ní ìdájí.

"Orí mi ò dàrú o, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Mo mọ̀ pé igi ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé báyìí, mo máa ń sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó lè ríbi jókòó sí."

Múfú yọ fìlà, ó fi nu ojú. Èmi náà ò gbádùn, àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún ń yọ mí lẹ́nu, ẹ sì má pè mí lọ́dájú. Ìdájí ni ewé tutù jù. Kò sí máńgòrò tó ń tú òórùn ní ìdájí. Mo rò ó nínú mi pé àlá ni Màmá ń lá.

Ìdájí

Ọjọ́ méjì la fi wọ̀n igi náà lójú oòrùn, ohun tí a sì rí ni ohun tí igi yòókù ń ṣe. Ti kíkí kò yọ wá lẹ́nu. Màmá gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dáhùn fún wa. "Wọ́n gbọ́ o! Ara wọn le! Àwọn ọmọ wọn ń kí yín!" Múfú wà lókè igi tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Lọ́jọ́bọ̀, a dé ibẹ̀ ní ìdájí. Ẹ̀ka tó kọjú sí ọ̀nà la kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ̀rọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, bó ṣe yẹ. A gbé àkàbà lọ síhà ògiri, a fi ọ̀rá bo ẹ̀ka kan. Nọ́ńbà fò sókè bí ìgbà tí ó jẹ́ ọ̀sán gangan.

"Ẹ̀rọ ti bàjẹ́," ni Múfú wí.

A padà sí ẹ̀ka ti ọ̀nà. Jẹ́ẹ́. A padà síhà ògiri. Ó fò. Èmi fúnra mi gun àkàbà, mo fọwọ́ kan ewé. Ewé náà gbóná. Ní ìdájí, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, ewé máńgòrò gbóná lọ́wọ́ mi. Mo yọjú lórí ògiri, páìpù èéfín ààrò Alàájì sì nìyẹn, ó na ọrùn, ó kọjú sí ẹ̀ka náà, ó ń fẹ́ ooru sí i lára hùù. Láti aago mẹ́rin ni wọ́n ti ń dáná búrẹ́dì níbẹ̀. Ooru ààrò ń mú ewé, ewé ń tú òórùn, atẹ́gùn sì ń pín in sí méjì: ìdajì gba fèrèsé Màmá wọlé, ìdajì padà sínú ilé iṣẹ́, sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ búrẹ́dì sí kó tutù. Alàájì fúnra rẹ̀ ló ń se ewé náà sórí búrẹ́dì rẹ̀!

Múfú rẹ́rìn-ín títí tó fi dì mọ́ igi. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Màmá wá sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gé igi lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, igi á yè, wọ́n á yí páìpù, Bàbá Jókẹ́ kò sì ní wá mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kàwé jù," ni Múfú wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún un."

"Ìwọ lo mọ àgbà í bá sọ̀rọ̀."

"Láti kí wọn ni mo mọ̀, Bọ̀dá. Èyí kì í ṣe kíkí."

Èmi ni mo sọ ọ́. Màmá gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún wa, n kò lè jẹ ẹ́, ẹ sì mọ̀ mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ ọ pẹ̀lú ọwọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Nígbà wo ni Alàájì kọ́ ààrò yẹn?" ló bi mí.

"Wọ́n ní ó ti tó ọdún méjì, mà."

"Ọdún tí Bàbá Jókẹ́ kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wá ní, "Àṣé láti ọdún méjì wá, Alàájì ni mò ń sún fún lórí bẹ́ẹ̀dì!"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, àwa náà kò lè mú un mọ́ra, a rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó fi etí ìró nu ojú.

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn. N kò ní jẹ́ kí wọ́n gé igi nítorí ohun tí mò ń rò lórí ibùsùn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ti bẹ́ẹ̀dì o!"

Sátidé

Àwọn agégi ti gbé ayùn dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ igi náà la jókòó sí, Alága láàárín. Ìwé nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn, mo tì í sápò. Mo ní kí wọ́n gbé omi tútù kan wá, àti omi gbígbóná kan. Mo ju ewé máńgòrò mẹ́ta sí ti tútù, mo ní kí Alàájì gbọ́ ọ. Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ju mẹ́ta sí ti gbígbóná. Kò tíì tẹ orí ba tó fi fà sẹ́yìn.

"Òun nìyẹn! Olè yẹn nìyẹn!"

Mo wá mú gbogbo wọn lọ síbi ògiri, mo tọ́ka sí páìpù. N kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀. Alága wo páìpù, ó wo ẹ̀ka tó gbẹ létí níwájú rẹ̀, ó wo Alàájì.

"Alàájì, ẹ̀yin lẹ dáná, ẹ̀yin lẹ se ewé. Ẹ wá ń pe ìkòkò lẹ́jọ́."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ hó yèè. Ojú ti Alàájì, ṣùgbọ́n èèyàn tó lẹ́rìn-ín ni, ó gbá orí ara rẹ̀, ó ní òun á yí páìpù sí ojú títì. Àwọn agégi gbé ayùn wọn, wọ́n ń kùn lọ. Múfú fẹ́ gbé mi sókè, mo wúwo jù.

Alàájì tọ Màmá lọ, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Inú yín ti dùn báyìí, àbí?"

Màmá ò mọ irọ́ í pa. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ti bẹ́ẹ̀dì tó ní kí èmi má sọ. Mo rò pé Alàájì á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ilẹ̀ ló ń wò títí Màmá fi wọlé.

Wọ́n yí páìpù lọ́jọ́ Ajé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, búrẹ́dì Alàájì mọ́ tónítóní, kò rùn, àwọn oníbàárà ń yọ̀. Èmi ti wà nídìí igi láti ìdájí, mo wọ̀n ẹ̀ka ti ògiri. Ewé tutù, ẹ̀rọ dákẹ́. Màmá ṣí fèrèsé.

"Mo ti jí láti aago mẹ́rin," ló wí. "Kò wá."

Ó rọra pa fèrèsé dé. Ẹ̀yin ará mi, mo ti gba igi sílẹ̀, àdúgbò ń yìn mí, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tó jalè. Ó dùn mí débi pé n kò ṣàròyé fún ọjọ́ mẹ́ta. Múfú rò pé ibà ló mú mi.

Jímọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní kí n lọ wọ̀n ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó di ẹrù. Ìdájí ni mo débẹ̀. Alàájì kì í ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀, gbogbo Sábó ló mọ̀, ìyẹn ni mo fi ń retí pé ibẹ̀ á dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí igi ìdáná ń ta nínú ààrò. Mo gbójú sókè. Wọ́n ti ki páánù kan tí wọ́n ká róbótó bọ ẹnu páìpù, ó sì tún tẹ̀ padà síhà máńgòrò.

Mo gbé ẹ̀rọ kọ́ ọrùn, mo gun àkàbà, mo yọjú. Alàájì nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí níwájú ààrò pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan. Tábìlì mọ́, kò sí ìyẹ̀fun, kò sí agolo búrẹ́dì kankan lórí rẹ̀.

"Alàájì, Jímọ̀ lòní."

"Mo mọ̀."

"Búrẹ́dì dà?"

"Kò sí búrẹ́dì." Ó naka sí fèrèsé Màmá. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń rí nǹkan?"

Mo fi ọ̀rá bo ẹ̀ka, mo wo nọ́ńbà. Ó ti ń gòkè.

"Èmi ò mọ bó ṣe máa ń pọ̀ tó tẹ́lẹ̀," ni Alàájì wí. "Bó bá ti tó, kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Mo dúró lórí àkàbà, mo ń wo ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi tó wà lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ní ìdájí, mo sọ fún un pé ó ti tó.

"Ẹ jẹ́ kó lé díẹ̀," ni Alàájì wí, ó sì ki igi mìíràn bọ iná.